Pánẹ́lì Méjì, Ìwọ̀n Kan Náà

Ràfíátù kì í ṣe ẹni tó ń fura sí ènìyàn tẹ́lẹ̀. Gbogbo àdúgbò ní Ọ̀kà-Odò ló mọ̀ ọ́n sí aránṣọ tí kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sábẹ́ òkúta lójú gbogbo ayé. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù Ràmádáànì, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yí i padà.

Ṣúgà ń bá ọkọ rẹ̀ jà. Mùálíìmù Bùsàrí ti kọ́ àwọn ọmọ Ọ̀kà ní kéú fún nǹkan bí ogójì ọdún, ínsúlíìnì tí wọ́n ń gún sí i lára láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló sì gbé e dúró. Ínsúlíìnì ọ̀hún kò fẹ́ ooru, bẹ́ẹ̀ iná ìjọba ní Ọ̀kà dà bí àlejò tí kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ni Ràfíátù bá ra pánẹ́lì sólà kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ kiri ọjà, tó fi Ọlọ́run búra fún un pé yóò gbé fíríìjì kékeré tọ̀sán-tòru. Kò gbé e. Òògùn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú fíríìjì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, nítorí èyí tó bàjẹ́ àti èyí tó dára, bákan náà ni wọ́n rí lójú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mùálíìmù ṣubú sórí ẹní ìkírun. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ọsibítù kó tó lè sọ orúkọ ara rẹ̀.

Dókítà gbé ìgò òògùn náà sókè, ó wò ó, ó ní, "Màmá, omi lásán lẹ ń gún sí bàbá lára."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò létí Ràfíátù mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló di abẹ́rẹ́ náà mú. Láti ọjọ́ yẹn, bí ènìyàn bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́, á kọ́kọ́ yọjú síta.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, Raliat, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Àbújá, fi ọkọ̀ gbé bátìrì lítíọ́mù ńlá kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ínfátà rẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, pánẹ́lì àti kọntirólà tí yóò máa darí iná láti orí òrùlé sínú bátìrì ló kù. Ẹ má rà á lọ́nà o. Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, Abọ́dẹrìn, ará Ògbàgì. Ó mọṣẹ́."

"Ta ló sọ pé ó mọṣẹ́?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ṣe tiwọn."

"Ta ló wá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ?"

Raliat mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wá wo ilé."

Abọ́dẹrìn wá lọ́jọ́ kejì. Ó tó ọmọ ọdún márùndínlógójì, ó gùn, ó rù, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó gun òrùlé, ó wo ibi tí òjìji igi máńgòrò ń dé lọ́sàn-án, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn fíríìjì. Ràfíátù ń tẹ̀ lé e kiri bí ẹni tó ń ṣọ́ adìyẹ tó fẹ́ yé sínú igbó. Abọ́dẹrìn kọ ohun tí wọ́n máa rà sórí bébà kan fún un: pánẹ́lì 400 wáàtì méjì, kọntirólà kan, irú tí wọ́n ń pè ní MPPT, tí kì í fi iná ṣòfò.

"Màmá, tí ẹ bá dé Ìkàrẹ́, ọ̀dọ̀ Elizabeth ni kí ẹ lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ọ̀wọ̀."

"Ṣé òun nìkan ló ń tà á ní Ìkàrẹ́ ni?"

"Rárá, Màmá. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ lọ."

Kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni pé bó ti ń lọ, ó dúró lẹ́bàá ọ̀kadà rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ràfíátù ń da omi ìfọṣọ nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó sì gbọ́ ọ ketekete: "Màmá náà ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Èyí tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí, ẹ gbé e sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kó wà níwájú."

Kí ni wọ́n fẹ́ gbé pamọ́ fún un? Ó wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀, ó sọ ohun tó gbọ́. Mùálíìmù gbé Kùránì tó ń kà kalẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

"Ìyá Raliat, bó bá jẹ́ pé gbogbo ayé ló di olè, ta la ó wá máa kí ní sàlámà?"

"Ẹ̀yin ẹ máa kí wọn," ló fèsì, "èmi á máa di àpò mú."

Lọ́jọ́ ọjà, kò sọ fún Abọ́dẹrìn. Ó wọ táksí lọ sí Ìkàrẹ́ lóun nìkan, tépù ìwọnṣọ rẹ̀ wà nínú àpò. Ó ti pinnu pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lòun yóò kọ́kọ́ dé, kóun lè mọ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ fóun. Ọyẹ́ ti bo òkè mọ́lẹ̀ débi pé ènìyàn kò rí góńgó òkúta mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù tó wọ̀ tóbi, gíláàsì ló yí i ká, orúkọ Zachariah sì wà gàdàgbà lókè ẹnu ọ̀nà. Zachariah fúnra rẹ̀ ló fò dìde. Ó gbé àga, ó gbé omi tútù.

"Mọ́mì, ẹ káàbọ̀! Irú yín gan-an là ń retí. Kí lẹ fẹ́ gbé? Fíríìjì? Tẹlifíṣọ̀n? Àní ẹ lè fi lọ ata!"

Ràfíátù fi bébà hàn án. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín.

"400? Ta ló ń ra 400 mọ́? 450 ni mo máa fún Mọ́mì mi, iye tí wọ́n ń ta 400 níbòmíràn ni kí ẹ san. MPPT náà nìyí, ẹ gbà á wò."

Ó gbé kọntirólà kan lé e lọ́wọ́. Ó ń dán, wọ́n kọ MPPT sí i lára gàdàgbà, àmọ́ ó fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ràfíátù dìde lọ síbi tí wọ́n to pánẹ́lì sí. Ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n: 300 wà lápá òsì, 450 wà lápá ọ̀tún. Ó yọ tépù, ó wọn òró àti ìbú ti òsì, ó sì wọn ti ọ̀tún.

"Mọ́mì, kí lẹ ń wọ̀n?" Zachariah béèrè, ẹ̀rín rẹ̀ ti ń dín kù.

"Mo ń wò ó ni. Oòrùn tó bá bọ́ sórí ẹ̀ ló ń di iná, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì. Òró wọn ò fi ìdajì ínǹṣì jura wọn lọ. Báwo ni èyí ṣe wá gba oòrùn tó fi ìlàjì ju ti ìkejì rẹ̀ lọ?"

"Há, Mọ́mì, ti òyìnbó ni. Tẹkinọ́lọ́jì tuntun ni wọ́n fi ṣe é."

"Ọ̀pá aṣọ mẹ́rin ni ọ̀pá mẹ́rin, ọmọ mi. Kò sí aránṣọ tó lè fi rán ọ̀pá mẹ́fà."

Ó yí pánẹ́lì 450 náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Bébà àlẹ̀mọ́ tó gbé nọ́ńbà náà ti ká díẹ̀ níbi igun. Kí Zachariah tó sún mọ́ ọn, ó ti fi èékánná ká a sókè. Bébà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti gbó díẹ̀, 300 ló wà lára ẹ̀.

Zachariah gba pánẹ́lì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e padà sáyè rẹ̀.

"Màmá," ló wí, kò pè é ní Mọ́mì mọ́, "bí ẹ ò bá rà, ẹ má ba ọjà mi jẹ́."

Ràfíátù jáde sí títì. Inú ń bí i, inú rẹ̀ sì tún ń dùn díẹ̀ pé òun ló mú un. Ṣùgbọ́n kò rìn jìnnà tí inú dídùn náà fi tán. Bí ẹni tó fún un ní àga àti omi tútù bá lè ṣe báyìí, ti ẹni tí Abọ́dẹrìn ń bá sọ̀rọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ ńkọ́? Ó ronú láti padà sílé. Ó rántí ìgò òògùn tó wà nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín tí wọ́n ń rà lójoojúmọ́. Ó kọjá sí ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ọ̀wọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Elizabeth ṣe tóóró, wáyà sì kún inú rẹ̀. Obìnrin náà tó ọmọ ogójì ọdún, ó ń bó orí wáyà pẹ̀lú ọ̀bẹ, kò sì dìde.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí lẹ ń wá?"

Ràfíátù kò dárúkọ Abọ́dẹrìn. Ó ní pánẹ́lì àti kọntirólà lòun ń wò, òun ń ná an lásán ni. Elizabeth tọ́ka sí ara ògiri. Ràfíátù yọ tépù, ó wọn pánẹ́lì 400 kan: ó fi ínǹṣì mẹ́rìnlá gùn ju 450 ti Zachariah lọ. Ó fi èékánná ha igun bébà ẹ̀yìn rẹ̀, kò ká. Elizabeth kàn ń wò ó.

"Ẹ ti dé ibìkan kí ẹ tó wá síbí," ló wí.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ojú yín ló sọ ọ́."

Ràfíátù béèrè kọntirólà. Elizabeth gbé méjì sórí tábìlì, ọ̀kan láti ara ògiri, ìkejì láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. MPPT wà lára méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan jọ ti ọ̀dọ̀ Zachariah bí ìbejì, èkejì sì wúwo tó fi jẹ́ pé ọwọ́ méjì ló fi gbé e. Ràfíátù nàka sí èyí tó fúyẹ́.

"O ń ta irú èyí náà?"

"Mo ń tà á. Àwọn kan á wá, wọ́n á ní èyí tó wọ́n kéré jù làwọn fẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé orúkọ nìkan ló ní. Ẹni tí kò bá gbọ́, mo tà á fún un." Kò ju ojú sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká jáde síta, kí ẹ fi ojú ara yín rí i."

Wọ́n gbé pánẹ́lì kan síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọjú rẹ̀ sí oòrùn tó ń yọ nínú ọyẹ́. Elizabeth béèrè irú bátìrì tí Ràfíátù ní, ó sì gbé ọ̀kan tó bá a mu jáde. Ó kọ́kọ́ lo kọntirólà tó fúyẹ́, ó sì fi mítà há wáyà náà mú kí Ràfíátù lè ka iná tó ń wọ bátìrì. Mítà náà kà á sí áńpù mẹ́sàn-án. Ó tú u, ó so èyí tó wúwo. Nọ́ńbà náà gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dúró lórí mẹ́tàlá.

"Pánẹ́lì kan náà, oòrùn kan náà," ni Elizabeth wí. "Agbára tí pánẹ́lì ń tì wá pọ̀ ju èyí tí bátìrì lè gbà bó ṣe wà lọ. Èyí tó fúyẹ́ yìí, ńṣe ló ń gé èyí tó ṣẹ́kù dànù. Èyí tó wúwo, ó ń yí i padà, ó ń fi kún èyí tó ń wọlé. Wáyà bàbà tí wọ́n ká sínú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, òun ló jẹ́ kó wúwo."

Ràfíátù ní kó tún so èyí àkọ́kọ́. Ó so ó. Mẹ́sàn-án. Ó ní kó tún so èkejì. Mẹ́tàlá. Ó wo òjìji ilẹ̀ bóyá ìkùukùu ló ń kọjá. Kò sí ìkùukùu. Nígbà náà ló béèrè lójijì bí ẹni sọ òkò:

"Kí lo máa ń fún Abọ́dẹrìn?"

Ọwọ́ Elizabeth dúró lórí wáyà.

"Ẹ̀yin ni màmá Ọ̀kà."

"Èmi ni. Kí lo máa ń fún un?"

"Mo máa ń fún un ní nǹkan lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó bá rán wá. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Ràfíátù kó tépù rẹ̀ sínú àpò. "Mo mọ̀ ọ́n! Mo ti mọ̀!"

"Ẹ dúró, Màmá. Gbogbo wa tó ń tajà là ń fún àwọn oníṣẹ́ ní nǹkan. Zachariah ń fún wọn ní ìlọ́po mẹ́ta tèmi. Ká ní owó nìkan ló ń wò, ọ̀dọ̀ Zachariah ni ì bá rán yín lọ."

Ràfíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà ní orí àti ìdí, ohun tó sì ní orí àti ìdí ló ń bà á lẹ́rù jù, nítorí ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ kiri náà sọ ọ̀rọ̀ tó ní orí àti ìdí. Ó yọ fóònù, ó pe Abọ́dẹrìn, ó fi sí ìfọhùnsókè kí Elizabeth máa gbọ́.

"Abọ́dẹrìn, kí lo ní kí wọ́n gbé sẹ́yìn kí n má baà rí i?"

"Màmá?"

"Mo gbọ́ ọ. Lẹ́bàá ọ̀kadà rẹ."

"Kọntirólà ni, Màmá. Èyí tó wúwo. Ọ̀kan péré ló kù lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n gbé e sẹ́yìn kí ẹlòmíràn má baà rà á kí ẹ tó dé."

Elizabeth gbé kọntirólà náà sókè, ó yí i padà. Bébà kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi bírò kọ "Ọ̀KÀ" sí i.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé wọ́n ń fún ọ ní nǹkan?"

"Ẹ ò bi mí, Màmá. Ó yẹ kí n sọ."

Ràfíátù rà á. Pánẹ́lì méjì, kọntirólà tó wúwo, àti ìwé àlàyé tó bá a wá. Inú rẹ̀ kò tíì rọ̀. Ó ka ìwé ọ̀hún nínú ọkọ̀ láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, ó fi ìka tẹ̀ lé e ní ìlà-ìlà, ìwé mẹ́fà tó kà kó tó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ ló ń lò.

Nígbà tí Abọ́dẹrìn wá so ó, Ràfíátù gbé àpótí sẹ́bàá àkàbà, ó jókòó tì í. Abọ́dẹrìn mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun. Ó kan pánẹ́lì mọ́ òrùlé, ó fa wáyà wọlé, ó kọ́kọ́ so bátìrì mọ́ kọntirólà kó tó so pánẹ́lì. Ràfíátù wo ìwé: bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Iná pupa tàn, iná aláwọ̀ ewé tàn. Abọ́dẹrìn bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò.

"Dúró ná," ni Ràfíátù wí. "Ìwé ní kéèyàn yan irú bátìrì tó bá jẹ́. Lítíọ́mù ni tiwa. Kí ni ohun tó wà lójú ẹ̀ yìí?"

Abọ́dẹrìn sún mọ́ ọn. Kọntirólà náà ṣì wà lórí irú bátìrì àtijọ́, bí ilé iṣẹ́ ṣe gbé e jáde. Òógùn bọ́ lójú rẹ̀ nínú òtútù ọyẹ́.

"Ì bá máa fún bátìrì náà ní oúnjẹ tí kì í ṣe tirẹ̀," ló wí jẹ́ẹ́.

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"Rárá, Màmá. Mo gbàgbé ni. Ẹ ṣeun tí ẹ rí i."

Ràfíátù ti múra sílẹ̀ de irọ́. Ó ti to gbogbo ohun tó máa sọ sẹ́nu, kò sì rí ibi tí yóò sọ wọ́n sí. Ó kàn ń wo ọkùnrin náà bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì títí ọ̀rọ̀ tó wà lójú kọntirólà fi yí padà.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ìgò òògùn tutù rinrin nínú fíríìjì ní gbogbo ìgbà tí Ràfíátù bá fọwọ́ kàn án, ó sì ń fọwọ́ kàn án nígbà mẹ́wàá lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì wọn ṣúgà Mùálíìmù, ó ní ó ti wálẹ̀. Mùálíìmù tún bẹ̀rẹ̀ kéú pẹ̀lú àwọn ọmọ lábẹ́ máńgòrò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ràfíátù wo ojú kọntirólà, ó rí i pé iná tó ń wọlé kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ru sí i lórí. Kò tilẹ̀ jókòó kó tó pe Abọ́dẹrìn.

"Olè! Ẹ ti ṣe é fún mi! Ìwọ àti Elizabeth yẹn, Ọlọ́run á bi yín!"

Ó sọ ọ́ débi pé ohùn rẹ̀ há. Abọ́dẹrìn kò fèsì jù pé, "Mo ń bọ̀, Màmá." Láti Ògbàgì, ó kọjá Ìkàrẹ́, ó dé Ọ̀kà kí wọ́n tó kírun Àsárì, eruku ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun. Kò wọlé. Ó béèrè garawa omi àti àkísà kan, ó gun òrùlé. Ràfíátù ń gbọ́ ìró àkísà lórí gíláàsì.

"Màmá, ẹ wo ojú kọntirólà fún mi!" ló ké láti òkè.

Ó wò ó. Nọ́ńbà náà ń gòkè. Omi tó ń ṣàn láti orí òrùlé pupa bí omi ẹrẹ̀. Eruku ọyẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ló bo pánẹ́lì, òun tó ń gbá ojúlé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kò sì rò ó rí.

Abọ́dẹrìn sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu ọwọ́. Mùálíìmù ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ìyàwó rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́ títí ọyẹ́ á fi lọ," ni Abọ́dẹrìn wí. "Èmi ni mi ò sọ fún yín."

"Abọ́dẹrìn," ni Ràfíátù wí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀. "Má bínú sí mi."

"Mi ò bínú, Màmá. Ṣùgbọ́n ìfọhùnsókè ni mo fi fóònù sí nígbà tí ẹ pè. Ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ni mo wà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń sunkún nígbà tí mo ń jáde. Òun gan-an ni kí ẹ bẹ̀."

Ojú ti Ràfíátù débi pé ó fi ìborùn bo ẹnu. Kò tíì rí obìnrin náà rí. Ó béèrè orúkọ rẹ̀, Abọ́dẹrìn ní Mọ́júbọ́lá ni. Abọ́dẹrìn pe ìyàwó rẹ̀, Ràfíátù sì na ọwọ́ gba fóònù.

"Mọ́júbọ́lá, ọmọ mi, èmi ni màmá tó pe ọkọ rẹ ní olè. Kì í ṣe olè. Èmi ni mo ṣì í pè. Jọ̀ọ́, forí jì mí."

Ọmọ ìkókó kan ń ké lọ́hùn-ún.

"Mo ti gbọ́, Màmá," ni Mọ́júbọ́lá wí, ohùn rẹ̀ kò gbóná, kò tutù. "Ẹ sọ fún un kó máa bọ̀ nílé. Kò tíì jẹun láti àárọ̀."

Ràfíátù dá fóònù padà fún un. Ó wọlé lọ, ó gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ti tọ́jú fún Mùálíìmù, ó sì gbé e síwájú Abọ́dẹrìn lórí àpótí tó fi ṣọ́ ọ lọ́jọ́sí. Abọ́dẹrìn wò ó, ó wo Mùálíìmù, ó fọwọ́.